Ta Ló San Án? Ilẹ̀, Àṣẹ Ìjọba àti Gbèsè Láti Ọ̀yọ́-Ilé Dé Ògùnpa



Bí àgbàrá bá gbé ènìyàn lọ, a máa ń ní àmúwá Ọlọ́run ni. Bí ìjọba ńlá bá wó, a ní ìgbà rẹ̀ ló pé. Bí ilé iṣẹ́ bá di ibùgbé aláǹgbá, a ní bí ayé ṣe rí nìyẹn. Mi ò wá bá Ọlọ́run du iṣẹ́ rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí a wo àárín ohun méjì: òkè, odò, igbó àti òkun tí a bá láyé lọ́wọ́ kan, ìyà tó ń jẹ ènìyàn lórí wọn lọ́wọ́ kejì. Láàárín méjèèjì, ẹnìkan jókòó, ó sì pàṣẹ. Ilẹ̀ ló ń sọ ohun tó ṣeé ṣe àti iye tí yóò ná ni. Ìjọba ló ń yan ẹni tí yóò san owó náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó pàṣẹ ti kúrò lórí àga, tàbí kó tilẹ̀ ti kú, kí gbèsè tó dé, orí ẹni tí kò sí níbi ìpàdé ni yóò sì já lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹni tó bá wá ahoro rẹ̀ lọ lónìí, inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ni yóò ti bá a, lókè lọ́hùn-ún nínú ọ̀dàn, níbi tí kò jìnnà púpọ̀ sí Odò Ọya. Ibi tí ìlú náà wà yìí ni agbára rẹ̀ ti wá. Nínú igbó ẹgàn, eṣinṣin tsetse a máa bu ẹṣin jẹ, àìsàn tó ń gbé kiri a sì pa á. Nínú ọ̀dàn, eṣinṣin náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tẹ́jú, ojú ríran jìnnà, ẹṣin sì láàyè láti sáré. Ẹṣin ló sọ Ọ̀yọ́ di ohun tó dà.

Ẹ wo ibi tí ẹṣin náà gbé agbára Ọ̀yọ́ dé. Láti ìlà oòrùn Ghana títí wọ ilẹ̀ Benin, igbó ńlá tó tẹ́ lọ ní etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà já, ọ̀dàn sì sọ̀ kalẹ̀ títí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun. Ojú ibi tó ṣí yìí ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ gbà. Láti àwọn ọdún 1720 lọ ni wọ́n ti ń ya wọ Dàhòmì. Nígbà tó fi di 1748, àdéhùn ìṣákọ́lẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, Dàhòmì sì ń san án títí Ọba Gezo fi kọ̀ ọ́ ní àwọn ọdún 1820. Ní ti Ìlẹ́ṣà, bí a bá fi okùn wọ̀n ọ́n, ọ̀nà tó ti Ọ̀yọ́-Ilé dé ibẹ̀ kò ju bí ìdajì ọ̀nà Abomey, olú ìlú Dàhòmì, lọ. Síbẹ̀ Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìtàn rẹ̀ pé nígbà tí Aláàfin Ọbalókùn rán ogun sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn Ìjẹ̀ṣà ba dè wọ́n, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn, nítorí pé ogun inú igbó kò mọ́ Ọ̀yọ́ lára. Ìlú tó sún mọ́ lọ́rùn, èyí tó jìnnà ń sìn. Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ láìmọ ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀ kò lè mọ ìdí rẹ̀ láéláé.

Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í pẹ́ láyé ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, kì í sì í bí tó iye tó ń kú. Òkè ọya ni wọ́n ti ń rà wọ́n wá, lọ́wọ́ àwọn Tápà àti Hausa, lọ́dọọdún. Kí ni wọ́n fi ń rà wọ́n? Ọjà etí òkun wà lára rẹ̀: aṣọ, owó ẹyọ, irin. Kí ni wọ́n fi ń ra ọjà etí òkun? Ènìyàn. Aláàfin Abíọ́dún, tó bọ́ lọ́wọ́ Baṣọ̀run Gáà ní 1774, mú òwò yìí ní ọ̀kúnkúndùn. Ó mú ọ̀nà tó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò kọjá sí Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní Porto-Novo, di ojú ọ̀nà ìṣòwò ìjọba rẹ̀. Ọrọ̀ dé lóòótọ́, àwọn arúgbó tó sọ ìtàn fún Johnson ṣì ń ròyìn ìgbà Abíọ́dún bí ìgbà ayọ̀. Lẹ́yìn ọrọ̀ náà, ogun kò rí ìtọ́jú mọ́. Ní 1783, Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́. Ní 1791, Tápà ṣẹ́gun rẹ̀. Ìhà ibi tí ẹṣin ti ń wá gan-an ni ọwọ́ Ọ̀yọ́ ti ṣí kúrò.

Ní 1817, Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, ké sí àwọn ẹrú Hausa pé kí wọ́n wá bá òun jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń tọ́jú ẹran àti ẹṣin fún olówó wọn ní Ọ̀yọ́. Wọ́n lọ. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́-Ilé dahoro pátápátá, tí Aláàfin Àtìbà fi dó sí Àgọ́-Ọ̀jà, Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí.

Ta ló san owó ẹṣin? Ẹ wá wọn ní Bahia àti Kúbà. Àwọn tí ogun abẹ́lé Ọ̀yọ́ kó tà ní sáà yẹn ni wọ́n ń pè ní Nagô ní Brazil, tí wọ́n ń pè ní Lucumí ní Kúbà. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń kú lọ, àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde ogun ní ìlú Salvador ní Bahia, Nagô ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan nínú wọn lè ti ju koríko fún ẹṣin rí. Kò sí èyí tí a bi léèrè nígbà tí ààfin ń yan ọ̀nà Àjàṣẹ́.

Ẹṣin náà ṣì tún pa dà bá igbó pàdé. Ní nǹkan bí 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sọ̀ kalẹ̀ wá dó ti Òṣogbo, ní bèbè igbó. Ìbàdàn, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn, ṣẹ́gun wọn níbẹ̀. Ìlú àwọn ìsáǹsá tó fi igbó ṣe odi ni Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ dé Èkó, nítorí pé níbẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀rí tó ṣe kedere jù lọ.

Ìgbì òkun wa kì í dojú kọ ilẹ̀ gbọọrọ. Ó ń dagun wá láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni, ó sì ń ti iyanrìn etí òkun lọ sí ìlà oòrùn láìsinmi, tọ̀sán tòru. Ní ẹnu ọ̀sà Èkó, iyanrìn yìí a máa kó jọ di òkìtì lábẹ́ omi. Ọkọ̀ ńlá kò lè kọjá. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ọkọ̀ tó bá kó ẹrù Èkó wá láti Liverpool a máa lọ já a sí Forcados ní ẹnu Odò Ọya, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e padà wá. Ẹ rò ó wò: ẹrù yóò kọjá níwájú Èkó, yóò lọ jìnnà, yóò tún padà.

Láti 1908, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀sà, kí omi lè máa sáré jáde, kó sì máa gbá iyanrìn lọ. Ó ṣiṣẹ́. Kí 1914 tó pé ni ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọlé tààrà. Bí kò bá sí ògiri yìí, kò sí èbúté Àpápá, kò sì sí Èkó tí a mọ̀. Mi ò bá ẹni tó kọ́ ọ jà.

Àmọ́ iyanrìn tó ń rìn bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn dé ibi ògiri, ó dúró. Etí òkun apá ìwọ̀ oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Apá ìlà oòrùn, níbi tí ìgbì ti ń kó iyanrìn lọ bí ìṣe rẹ̀, kò rí òmíràn gbà dípò. Láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún, òkun gba ju kìlómítà kan lọ nínú ilẹ̀ etí òkun Victoria, ibi tí gbogbo wa mọ̀ sí Bar Beach. Láti 1958 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fa iyanrìn dà síbẹ̀, tí òkun sì ń kó o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìgbì ya wọ etí òkun Kuramo, ó gbé àwọn tó ń sùn nínú ahéré etí òkun lọ. Tálákà ni wọ́n, àwọn tí kò rí ibòmíràn gbé ní ìlú tó gbówó lórí bẹ́ẹ̀.

Lónìí, ìlú tuntun Eko Atlantic ń dìde lórí ilẹ̀ tí òkun ti gbà yẹn, ògiri ńlá sì wà níwájú rẹ̀. Níbi tí ògiri bá parí sí, ìgbì yóò wá iyanrìn rẹ̀ sí iwájú. Àwọn ará Òkun Àlfà, ní apá Lẹ́kí, ti ń pariwo láti ọ̀pọ̀ ọdún pé òkun ń gba ilé àti ojú títì àwọn. Èrè èbúté lọ sí ibì kan, àdánù rẹ̀ ń rìn lọ sí ìlà oòrùn láti ìdílé dé ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin kankan tó so méjèèjì pọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ní láti sọ lónìí, èyí ló dùn mí jù.

Ti rélùwéè kò ní gùn. Kánò àti ẹrù òkè ọya ni ìjọba amúnisìn ń wò níwájú nígbà tí wọ́n ń yan ojú irin. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó kan Jẹ́bà ní 1909. Òṣogbo di ìlú òwò, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́, tó tóbi jù ú lọ nígbà náà, kò rí ojú irin, Ìsẹ́yìn kò rí i, Ìjẹ̀bú-Òde kò rí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gbé òwò wọn lọ sí Gold Coast, títí ìjọba Busia fi lé àwọn àjèjì jáde ní Ghana ní ìparí ọdún 1969, tí wọ́n sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Àṣẹ ìjọba méjì, ọgọ́ta ọdún láàárín wọn, orí ìdílé kan náà ni wọ́n já lé.

Kòkó ní tirẹ̀ nílò òjò tó tó àti ilẹ̀ igbó tó lọ́ràá. Láti oko àwọn bíi J. K. Coker ní Agége ló ti tàn dé Ìbàdàn, Ìlẹ́ṣà àti Oǹdó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tó ń ra gbogbo kòkó, tó ń dá iye fún àgbẹ̀, tó sì ń tà á fún ayé ní iye tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó àárín yẹn ló gbé ọ̀pọ̀ nǹkan ró ní Ìwọ̀ Oòrùn. Cocoa House tó parí ní 1965 wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó síhìn-ín ló ń jẹ nínú rẹ̀ títí dòní, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ ká sọ pé wọ́n jalè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ pé àgbẹ̀ ló san án. Nígbà tí owó orí sì tún gorí rẹ̀ ní 1968, àwọn àgbẹ̀ dìde nínú ọ̀tẹ̀ tí à ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà.

Ẹ kíyè sí ibi tí apá kan owó yẹn lọ. Ní 1954, òfin ìlú yọ Èkó kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, ó di ti ìjọba àpapọ̀. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn pàdánù èbúté rẹ̀. Wọ́n wá kó ilé iṣẹ́ jọ sí Ìkẹjà, ní ẹnu ààlà gan-an, níbi tí ojú irin ti kọjá, tí pápákọ̀ òfurufú wà nítòsí, tí Àpápá kò sì jìnnà. Nínú gbogbo ìpinnu ilé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ní ilẹ̀ yìí, díẹ̀ ló mọ ilẹ̀ ká tó èyí. Nígbà tó di 1967, ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, Ìkẹjà sì bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Èkó. Àgbẹ̀ Oǹdó tí owó rẹ̀ wà nínú bíríkì àwọn ilé yẹn kò gbọ́ pé nǹkan kan yí padà lọ́wọ́ òun.

Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò náà jẹ́ àpẹẹrẹ rere: òkúta ẹfun wà nílẹ̀, ojú irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Èkó tó ń kọ́lé wà ní ìsàlẹ̀. Láti 1960 ni sìmẹ́ńtì ti ń jáde níbẹ̀, ó ṣì ń jáde. Ẹ fi wé ilé iṣẹ́ irin tí ìjọba àpapọ̀ pín sí Òṣogbo, Jos àti Katsina kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan lè rí tirẹ̀. Irin tí Òṣogbo yóò máa rọ, láti Aládjà ní ẹ̀gbẹ́ Warri ni yóò ti wá, tàbí láti Àjàókúta tí kò parí rí. Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ retí owó oṣù, ni ìpinnu yẹn ná lówó.

Ó kù sí Ìbàdàn.

Ní nǹkan bí 1829 ni àwọn jagunjagun tẹ̀dó síbẹ̀, òkè ni wọ́n sì yàn: Màpó àti àwọn gegele tó yí i ká. Àwọn agbo ilé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí rélùwéè dé, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni ibùdókọ̀ nílò, apá ìwọ̀ oòrùn ìlú ni wọ́n sì gbé e sí. Àwọn ilé ìtajà òyìnbó tó ń ra kòkó sún mọ́ ọn, ní Gbági àti Dùgbẹ̀. Ọjà tẹ̀lé wọn, gáréèjì tẹ̀lé ọjà, ilé tẹ̀lé gáréèjì. Àárín gbogbo wọn ni odò Ògùnpa gbà kọjá. Òkè Àṣí àti Bódìjà lọ́hùn-ún ni omi rẹ̀ ti ń wá, ó sì ń gba àárín ìlú lọ títí dé Mọ̀lété àti ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀, Ògùnpa kò ju ohun tí ọmọdé lè rìn kọjá. Ṣùgbọ́n gbogbo òrùlé páànù, gbogbo ọ̀dà títì, gbogbo àgbàlá tí a da kọnkéré sí, ni kì í jẹ́ kí òjò rì sílẹ̀ mọ́. Omi tó máa ń gba ọjọ́ kan kó tó dé odò wá ń dé ní wákàtí kan. Odò náà ya ní 1960, ó ya ní 1963, ó ya ní 1978. Ó ti sọ tẹnu rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Lọ́jọ́ náà, nǹkan bíi mìlímítà 274 òjò ló rọ̀ láàárín wákàtí mẹ́wàá. Ó ju 200 ènìyàn lọ tó kú. Àwọn tó dàgbà nínú wa kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún wọn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí nínú omi yẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kí a gbẹ́ odò náà jìn, kí a sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Iṣẹ́ náà lọ, ó dúró, fún ọ̀pọ̀ ọdún, lábẹ́ ìjọba kan tẹ̀lé òmíràn. Láàárín ìgbà yẹn, ìlú sáré kọjá Ògùnpa lọ sí bèbè odò Ọ̀nà àti àwọn odò kéékèèké mìíràn. Ní ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, mìlímítà 187.5 rọ̀ ní wákàtí díẹ̀. Omi gun ìsédò Ẹlẹ́yẹlé, tó ti wà níbẹ̀ láti 1942, kọjá, ó wó afárá, ó gba inú Yunifásítì Ìbàdàn. Ó ju 100 lọ tó tún kú. Ní 2014, ìjọba yá mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti tún ọ̀ràn omi ìlú náà ṣe.

Ohun tó ń ká mi lára ni bí ìjà náà ṣe máa ń rí lẹ́yìn ìkún omi. Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tó sún mọ́ odò, yóò ní onílé ló fọwọ́ fa ikú. Ṣùgbọ́n onílé náà ní ìwé. Ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ìjọba gbé òpó iná dé iwájú ilé rẹ̀, ó sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò sí ẹni tó sọ fún un pé ojú omi ló wà. Tí a bá fẹ́ wó ilé rẹ̀, mo fara mọ́ ọn, nítorí ẹ̀mí àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọdún yẹn ló yẹ kó san owó ilé tuntun.

Nígbà mìíràn, ìjọba ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tú omi sílẹ̀. Kamẹrúùnù parí ìsédò Lagdo lórí odò Benue ní 1982. Nàìjíríà yẹ kó kọ́ tirẹ̀ ní Dasin Hausa, ní Adamawa, láti gba omi tí wọ́n bá tú. Kò kọ́ ọ. Ní 2012, nígbà tí òjò àti omi Lagdo pàdé, 363 ènìyàn kú, ó ju mílíọ̀nù méjì lọ tó sá kúrò nílé. Ní 2022, àwọn tó kú ju 600 lọ. Àwa náà ní tiwa nílé. Ìsédò Ọyán, lókè Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní 1983, ń fún Èkó àti Abẹ́òkúta ní omi mímu. Ẹ̀rọ iná mẹ́ta wà níbẹ̀, mẹ́gáwáàtì mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọn kò mú iná wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì ṣí ẹnu rẹ̀, omi náà a gba odò Ògùn sọ̀ kalẹ̀ sí Ìṣẹ́rì àti Àjẹ́gúnlẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Ìkòròdú, yóò sì wà nínú yàrá àwọn ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí a tẹ àwòrán ibi tí omi lè dé ní Ìbàdàn jáde ní èdè Yorùbá, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé ilé, kí orúkọ òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ sí ilé lójú omi sì wà lára ìwé náà. Kí apá kan lára owó tí èbúté Èkó ń pa lọ́dọọdún máa lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn tí òkun ń lé ní apá ìlà oòrùn. Níbi tí wọ́n sì ti ń pinnu ọjọ́ tí wọn yóò ṣí ìsédò Ọyán, kí àwọn ará Ìṣẹ́rì àti Àjẹ́gúnlẹ̀ ní àga tiwọn nínú yàrá náà, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kẹfà, kí òjò oṣù kẹsàn-án tó dé.